Dráífà Dátábéèsì Lórí Unix àti Orúkọ Yorùbá

Nígbà tí orúkọ Yorùbá bá dàrú nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà, dátábéèsì ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi. Èrò tèmi ni pé dráífà tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ náà kan àríwá Èkìtì gbọ̀ngbọ̀n: Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011 wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ilé-ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ìdó. Orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú ló kún inú àkọsílẹ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Ìkọ̀lé. Latin-1, ètò lẹ́tà tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ní Ì, ó sì ní é, ṣùgbọ́n kò ní ọ, kò sì ní àmì ohùn tí a lè gbé lé e lórí. Bí dráífà dátábéèsì MariaDB bá fi Latin-1 gbé orúkọ náà, "Ìk??lé" ni yóò jáde. Èyí tó wà ní ìpamọ́ kò tíì bàjẹ́. Àmọ́ bí akọ̀wé bá ṣí i, tó sì tún fi í pamọ́, ó tán nìyẹn. Dátábéèsì PostgreSQL ní tirẹ̀ á kọ̀ jálẹ̀, á ní lẹ́tà náà kò sí nínú Latin-1. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn jù, torí òṣìṣẹ́ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lórí Debian tàbí Ubuntu, a ó fi apt gbé unixodbc, tó ń so ètò mọ́ dráífà, àti odbc-mariadb, tó jẹ́ dráífà MariaDB, wọlé. Àṣẹ odbcinst -j á fi ibi tí àwọn fáìlì wà hàn wá: inú odbcinst.ini la ti ń forúkọ dráífà sílẹ̀, inú odbc.ini la ti ń júwe sáfà àti dátábéèsì tí a fẹ́. Inú èkejì yìí ni CHARSET = utf8mb4, tó ń jẹ́ kí àmì Yorùbá kọjá láìdàrú, ń gbé. Fún PostgreSQL, psqlodbcw.so ni kí a yàn, òun ni ti Unicode. Kí a fi psqlodbca.so sílẹ̀. Bí unixODBC bá ń ké pé "Can't open lib", tí fáìlì dráífà náà sì wà níbẹ̀ gedegbe, ẹ fi ldd yẹ̀ ẹ́ wò: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáìlì mìíràn tó gbára lé ni kò sí.

Àwọn kan á ní ká kúkú kọ orúkọ láìsí àmì. N kò gbà. Dátábéèsì lè gbà á, dráífà lè gbé e. Kò sí ìdí tí a ó fi gé orúkọ ẹni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má fi "test" dán an wò. Ẹ fi isql, irinṣẹ́ unixODBC, kọ Ìkọ̀lé wọlé, kí ẹ wá ti inú MariaDB fúnra rẹ̀ kà á, torí bí ẹ bá gba ọ̀nà kan náà lọ bọ̀, àṣìṣe àlọ lè bo ti àbọ̀ mọ́lẹ̀. Bí ọ̀ kò bá dé pẹ̀lú àmì rẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.