Bọ́ọ̀lù Tó Ta Padà

Kí ó tó di ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2022, ìgbà 11 ni ikọ̀ obìnrin Yunifásítì Connecticut ti dé àṣekágbá ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ìgbà 11 náà ni wọ́n sì gba ife. Lọ́jọ́ náà, ní ìlú Minneapolis, South Carolina fi àmì ayò 64 sí 49 borí wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí àmì ayò 26 tí Destanni Henderson jẹ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ àwọ̀n ni nǹkan ti bàjẹ́ mọ́ Connecticut lọ́wọ́.

Bí bọ́ọ̀lù bá tàsé, tó kan irin, tó sì ta padà, kò tíì sí ẹni tó ni ín. Bí ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n bá gbà á, ìkọlù parí nìyẹn. Bí alátakò bá gbà á, wọn yóò tún jù ú láti tòsí, gbogbo làálàá ìṣọ́ náà a sì di asán. Nínú bọ́ọ̀lù tí South Carolina jù tó tàsé lọ́jọ́ náà, 18 ni Connecticut rí gbà; South Carolina fúnra wọn tún gba 21. Oko ọ̀bọ ni Connecticut ń ro.

Kì í ṣe gbogbo agbábọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ yìí kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Senda Berenson gbé eré náà wọ Smith College ní ọdún 1892, ó pín pápá sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá ìlà apá tirẹ̀. Ó tún ka jíjá bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn léèwọ̀. Àwọn tó wà nídìí àwọ̀n nìkan ló ń dúró de bọ́ọ̀lù tó tàsé. Ẹni tó wà lọ́nà jíjìn ń wòran ni. Ó di ọdún 1971 kí àwọn obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ènìyàn márùn-ún gbá a yí gbogbo pápá ká. Láti ìgbà náà, olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ wá alátakò rẹ̀, kó kọ ẹ̀yìn sí i, kó ya ẹsẹ̀, kó fi ìdí tì í kúrò lábẹ́ àwọ̀n, kó tó fò. Gíga ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ga tó sì gbàgbé alátakò rẹ̀, ojú lásán ni yóò fi wo bọ́ọ̀lù.

Ní ọdún 2024, ní Cleveland, Caitlin Clark ti Iowa jẹ àmì ayò 30 nínú àṣekágbá, 18 nínú wọn ní ìdá kìíní ìdíje náà. Bọ́ọ̀lù tó ta padà 29 ni Iowa gbà. South Carolina gba 51, wọ́n sì gbé ife lọ pẹ̀lú àmì ayò 87 sí 75.