Ìwé Tó Gbàgbé Akọni: Ìtàn Àtúnṣe Àkọsílẹ̀ Àmì-Ẹ̀yẹ Ogun ní Amẹ́ríkà

Bí sójà Amẹ́ríkà bá ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ìwé kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un. Láti ọdún 1950 ni wọ́n ti ń pe ìwé náà ní DD Form 214. Ọjọ́ tó wọṣẹ́ àti ọjọ́ tó kúrò wà níbẹ̀, oyè rẹ̀ wà níbẹ̀, àyè kan sì wà tí wọ́n máa ń to àwọn àmì-ẹ̀yẹ rẹ̀ sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé yìí ni yóò mú lọ sí ọsibítù àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Òun ni yóò fi gba ẹ̀yáwó ilé tí òfin yà sọ́tọ̀ fún irú wọn. Lọ́jọ́ tó bá sì kú, òun ni ẹbí yóò gbé kalẹ̀ kí ìjọba lè sin ín bí wọ́n ṣe ń sin ológun. Àmì-ẹ̀yẹ tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, lójú ìjọba, sójà náà kò gbà á rí, ì báà jẹ́ pé ojú ọgbẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ èèyàn ló ń kọ ìwé. Akọ̀wé tó ń tú ọ̀pọ̀ sójà sílẹ̀ lójúmọ́ lẹ́yìn ogun lè fo ìlà kan. Ọ̀gá tó yẹ kó dábàá ẹnì kan fún àmì-ẹ̀yẹ lè kú sójú ogun kó tó kọ̀wé. Òmíràn sì wà tó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí sójà ṣe, ṣùgbọ́n tí àwọ̀ ara sójà náà kò jẹ́ kó dábàá rẹ̀ fún ohun tó tọ́ sí i. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ní ìlànà fún títún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe láti ọdún 1946. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ náà ló ní láti wá ẹ̀rí.

Nígbà tí àwọn aṣòfin ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé

Kó tó di 1946, sójà tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò tọ̀nà ní láti wá aṣòfin tí yóò bá a gbé àbá òfin kalẹ̀ nítorí òun nìkan. Ilé aṣòfin méjèèjì ní láti fọwọ́ sí i kó tó dé iwájú Ààrẹ. Ẹni tó mọ aṣòfin ló ń rí ọ̀nà lọ; ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń gbé ẹ̀hónú rẹ̀ sùn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, tí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 12 wà nínú aṣọ ogun, ó hàn gbangba pé Ilé Aṣòfin kò ní lè dá a ṣe.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1946, Ààrẹ Harry Truman fọwọ́ sí òfin tó ṣàtúntò iṣẹ́ Ilé Aṣòfin. Òfin náà ní kí àwọn aṣòfin jáwọ́ nínú irú àbá bẹ́ẹ̀, ó sì gbé agbára àtúnṣe lé àwọn olórí iléeṣẹ́ ológun lọ́wọ́, kí wọ́n máa lò ó nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe sójà. Lónìí, ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, àwọn ti òfúrufú ní tiwọn, ìgbìmọ̀ kan wà fún ojú omi àti Marines, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun náà sì ní tiwọn. Ohun méjì ni òfin ní kí wọ́n máa tún ṣe: àṣìṣe àti ìrẹ́jẹ.

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ, DD Form 149, kò gba kọ́bọ̀. Ọdún mẹ́ta ni òfin fi sílẹ̀, láti ọjọ́ tí èèyàn bá ti rí àṣìṣe náà, àmọ́ ìgbìmọ̀ lè mójú kúrò níbẹ̀ bí wọ́n bá rí i pé ìdájọ́ òdodo béèrè bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti le ni pé ìgbìmọ̀ á kọ́kọ́ gbà pé ohun tí akọ̀wé kọ lọ́jọ́sí tọ̀nà. Ẹni tó bá ní kò tọ̀nà ni yóò mú ẹ̀rí wá.

Dókítà Mary Walker

Ọ̀kan nínú ẹjọ́ tó lókìkí jù tí ìgbìmọ̀ ọmọ ogun orí ilẹ̀ dá kan oníṣègùn obìnrin tó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀tá mú Mary Walker ní 1864, wọ́n sì fi í sí àtìmọ́lé ní Richmond fún oṣù mélòó kan. Ní 1865, Ààrẹ Andrew Johnson fún un ní Medal of Honor, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ fún ológun Amẹ́ríkà.

Ní 1917, ìjọba yẹ ìwé àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ náà wò, wọ́n sì pa orúkọ 911 rẹ́. Nínú wọn, 864 jẹ́ ti ẹgbẹ́ ológun kan ṣoṣo láti ìpínlẹ̀ Maine, tí wọ́n ti ṣèlérí àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn tó bá gbà láti dúró díẹ̀ sí i nínú wọn, tí gbogbo ẹgbẹ́ sì wá gbà á, àtẹni tó dúró àtẹni tó lọ sílé. Wọ́n yọ ti Walker náà, torí pé kì í ṣe sójà gidi. Ó kọ̀, kò dá a padà. Ó ń fi í sáyà káàkiri títí ó fi kú ní 1919. Ní 1977 ni ìgbìmọ̀ àtúnṣe dábàá pé kí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà, iléeṣẹ́ ọmọ ogun sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀tọ́ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù kò ní ariwo nínú rárá. Ní 1944 ni wọ́n dá àmì-ẹ̀yẹ Bronze Star sílẹ̀. Ní 1947, ogun ti parí, ọ̀pọ̀ sójà ti padà sóko àti síbi iṣẹ́ wọn. Ìgbà náà ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun wá pinnu pé ẹnikẹ́ni tó bá gba báàjì àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tó wọjà, tàbí ti àwọn oníṣègùn tó bá wọn wọ ibẹ̀, láàárín oṣù Kejìlá 1941 sí oṣù Kẹsàn-án 1945, lẹ́tọ̀ọ́ sí Bronze Star. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀ ti jáde kó tó di 1947. Báàjì wà nínú ìwé, Bronze Star kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kú láìmọ̀ pé ìjọba jẹ wọ́n ní nǹkan.

Irú èyí kò nílò kó dé iwájú ìgbìmọ̀. Akọ̀wé tó bá rí báàjì náà lórí ìwé lè tún un ṣe. Wọn kì í fa DD 214 ya kí wọ́n kọ òmíràn. Ìwé kékeré kan, DD Form 215, ni wọ́n máa ń kọ mọ́ ọn, tó ń sọ ohun tó yẹ kí wọ́n fi kún un.

Iná St. Louis

Ní kété lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ òru, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1973, iná ṣẹ́ yọ ní àjà kẹfà ilé tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ológun sí ní Overland, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú St. Louis. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi paná níbi tí ìwé wà. Ó di ọjọ́ 16 kí wọ́n tó kéde pé iná náà ti kú tán. Fáìlì tó jóná wà láàárín mílíọ̀nù 16 sí 18. Nínú ìwé àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín 1912 sí 1960, ìdá 80 nínú 100 ló lọ. Ti àwọn ọmọ ogun òfúrufú tó kúrò láàárín 1947 sí 1964, tí orúkọ wọn tẹ̀lé Hubbard nínú ètò ábídí, ìdá 75 nínú 100 ló bá iná lọ. Kò sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn.

Omi tí wọ́n fi pa iná tún ba èyí tó kù jẹ́. Wọ́n kó ìwé tó rin gbingbin sínú kéréètì oníke, wọ́n sì gbé e lọ sínú yàrá ńlá kan ní iléeṣẹ́ McDonnell Douglas, níbi tí wọ́n ti lè fa afẹ́fẹ́ jáde pátápátá, kí omi lè gbẹ kúrò nínú ìwé láìya á. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ àkọsílẹ̀ ni wọ́n rí gbà là.

Láti ìgbà náà, bí ajagunfẹ̀yìntì bá ní òun fara gbọgbẹ́, tí fáìlì rẹ̀ sì ti jóná, wọ́n ní láti wá ẹ̀rí rẹ̀ níbòmíràn: nínú ìwé owó oṣù, nínú ìròyìn tí ẹgbẹ́ ológun ń kọ ní àràárọ̀ nípa ẹni tó wà àti ẹni tó lọ sọ́sibítù, àti nínú àṣẹ ọ̀gá. Ní 1988, wọ́n rí téèpù kọ̀ǹpútà tó ní àkọsílẹ̀ àwọn sójà tó wọ ọsibítù láàárín 1942 sí 1945 àti 1950 sí 1954. Kò sí orúkọ nínú rẹ̀, nọ́ńbà iṣẹ́ sójà nìkan ló wà. Ẹni tó bá ṣì mọ nọ́ńbà bàbá rẹ̀ lè fi téèpù yẹn gba Purple Heart, àmì-ẹ̀yẹ àwọn tí ọ̀tá ṣe léṣe.

Sájẹ́ǹtì Edward Carter

Edward Carter dàgbà ní Íńdíà àti Ṣáńgháì, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ìyìn rere. Ó ja nínú ogun abẹ́lé Sípéènì, ó sì wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ní 1941. Kí wọ́n tó lè gba òun tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú síwájú ogun, ó ní láti fi oyè sájẹ́ǹtì sílẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 1945, nítòsí Speyer ní Jámánì, ó kó sójà mẹ́ta gba pápá gbalasa kọjá. Méjì kú, ìkẹta fara gbọgbẹ́ gan-an. Carter dá lọ, ọta bà á lẹ́ẹ̀marùn-ún kó tó sá pamọ́. Sójà Jámánì mẹ́jọ ní àwọn fẹ́ mú un; ó pa mẹ́fà, ó sì mú méjì. Àwọn méjì náà ló fi bo ara rẹ̀ padà sẹ́yìn.

Distinguished Service Cross, èyí tó tẹ̀ lé Medal of Honor, ni wọ́n fún un. Ní 1949, nígbà tó fẹ́ tún orúkọ rẹ̀ kọ sílẹ̀, wọ́n lé e. Wọ́n ń fura pé ó jẹ́ kọ́múníìsì, wọn kò sì pè é kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Ó lọ sídìí iṣẹ́ táyà, ó sì kú ní 1963.

Nínú gbogbo Medal of Honor tí wọ́n fún àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kejì lákòókò yẹn, kò sí ọ̀kan tó bọ́ sọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1993, iléeṣẹ́ ọmọ ogun ní kí Yunifásítì Shaw wádìí ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 1997, Ààrẹ Bill Clinton fi àmì-ẹ̀yẹ náà dá akọni méje lọ́lá, Carter sì wà lára wọn. Vernon Baker nìkan ló ṣì wà láàyè.

Àmọ́ àkọsílẹ̀ Carter ṣì ní àbàwọ́n. Ìyàwó ọmọ rẹ̀, Allene Carter, ló béèrè fún fáìlì tí ìjọba fi ń ṣọ́ ọ, ó sì tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń tọpinpin rẹ̀ láìrí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Carter gbà tó àádọ́ta. Ní 1999, ìjọba gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe fún ẹbí náà, pẹ̀lú lẹ́tà àforíjì láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ àti àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta tí wọ́n ti fi dù ú.

Ilẹ̀kùn tó ṣí ní 1996

Dídábàá ẹnì kan fún àmì-ẹ̀yẹ ìgboyà ní gbèdéke ọjọ́. Òfin kan ní 1996 wá gbà kí aṣòfin èyíkéyìí lè ní kí iléeṣẹ́ ológun tún àbá kan yẹ̀ wò, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọ̀nà tí òfin 1946 dí fún àwọn aṣòfin tún ṣí díẹ̀, àmọ́ kí wọ́n béèrè nìkan ni. Ìpinnu kò sí lọ́wọ́ wọn.

Kò túmọ̀ sí pé ó yá. Henry Johnson, tó ja ní Faransé ní 1918, kú ní 1929. Purple Heart dé ní 1996, Medal of Honor ní 2015. Wọ́n dábàá Paris Davis fún Medal of Honor nítorí ohun tó ṣe ní Fiẹtináàmù ní 1965, ìwé náà sọnù, wọ́n tún kọ òmíràn, òun náà sọnù. Àwọn tó bá a jagun kò dákẹ́. Ó gbà á ní oṣù Kẹta 2023, lẹ́ni ọdún 83.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá náà. Láti 2009, kó tó dáwọ́ dúró ní 2016, ètò MAVNI gba àwọn àlejò tó gbọ́ àwọn èdè kan sí iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè náà. Kí ẹni tó ń kúrò tó fọwọ́ sí DD 214, ó yẹ kó kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kó sì tọ́jú ẹ̀dà gbogbo àṣẹ tó gbà. Bí ẹni náà bá ti kú, òfin gbà kí opó, ọmọ tàbí ajogún béèrè fún àtúnṣe lórúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá béèrè, ohun tí akọ̀wé kọ lọ́jọ́sí náà ni yóò dúró.