Ètò, Ohùn àti Àkọlé: Ìbẹ̀rẹ̀ Fíìmù Agbọ́kànsókè láti 1931 títí dé Iṣẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ní ọdún 2008, OCR, ọ̀kan nínú àwọn àjọ onídánwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ìlànà ẹ̀kọ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa fíìmù, rédíò àti ìwé ìròyìn ní kíláàsì tí ó ṣáájú yunifásítì. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n là sílẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù tuntun kan, pẹ̀lú àkọlé rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó yan irú fíìmù tí a ó máa pè ní fíìmù agbọ́kànsókè nínú bébà yìí. Nínú 100 máàkì, 60 jẹ́ ti fíìmù náà fúnra rẹ̀, 20 jẹ́ ti ìwádìí àti ètò, 20 tí ó kù sì jẹ́ ti àlàyé tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ìlànà náà ti kógbá sílé báyìí.

Èrò tiwa ni pé ìpín máàkì yẹn ya ètò sọ́tọ̀ kúrò lára fíìmù lọ́nà tí ìtàn kò fi ọwọ́ sí. Bí a bá wo àwọn ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn olùkọ́ máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, a ó rí i pé inú ètò gan-an ni ẹ̀rù ti wá, àti pé ohùn àti àkọlé, tí akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi sí ìgbẹ̀yìn, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pète.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a là á yé ara wa pé fíìmù agbọ́kànsókè yàtọ̀ sí fíìmù iwin àti ti òkú tí ń rìn. Kì í sábà fi ohun abàmì hàn wá. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí òǹwòran mọ̀ ju ohun tí ẹni inú eré mọ̀ lọ, tàbí kí ó mọ̀ díẹ̀ ju ohun tí ó fẹ́ mọ̀ lọ, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìfòyà. Àwọn tí ó mọ eré Hubert Ògúndé yóò rántí orin àti ijó ìbẹ̀rẹ̀ tí a fi ń kí àwọn òǹwòran káàbọ̀. Fíìmù agbọ́kànsókè kì í kí ẹnikẹ́ni.

Fritz Lang, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì, gbé M jáde ní Berlin ní oṣù karùn-ún ọdún 1931. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ tí Lang ṣe tí ó ní ohùn. Ènìyàn lè rò pé ẹni tí ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́ yóò lò ó ní àlòjù, ṣùgbọ́n Lang fi ìwọ̀n lò ó. Kí àwòrán kankan tó hàn ni a ti gbọ́ ohùn ọmọdébìnrin kan tí ń dárin eré ọmọdé nípa apànìyàn tí ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni a rí agbo àwọn ọmọ nínú àgbàlá. Ìyá kan ń to abọ́ sórí tábìlì de Elsie ọmọ rẹ̀, tí yóò ti ilé-ìwé dé. Elsie ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ òpó tí a lẹ ìkéde mọ́, ìkéde owó tí a ó san fún ẹni tí ó bá jẹ́ kí a mú apànìyàn náà; òjìji ọkùnrin kan sì bọ́ sórí ìkéde yìí. Ohùn rẹ̀ ni a gbọ́, a kò rí ojú rẹ̀. Ó ra bàlúùnù fún ọmọ náà, ó ń súfèé orin Grieg. Ìyá wá bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Bí ó ti ń pè é, àtẹ̀gùn ilé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ni a ń wò, àti àjà tí a sá aṣọ sí, àti abọ́ tí kò sí ẹni tí ó jẹun nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù yí jáde láti inú koríko. Bàlúùnù há sára wáyà. A kò rí ìpànìyàn.

Abọ́, bọ́ọ̀lù, àtẹ̀gùn: kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè rí wọn yá. Ohun tí kò rọrùn ni ìpinnu pé orúkọ tí ìyá ń pè ni yóò so àwọn àwòrán tí kò ní ènìyàn wọ̀nyí pọ̀. Ó ṣòro kí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ tó ti ọwọ́ ẹni tí ń gé fíìmù wá ní ìgbẹ̀yìn. A ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí a tó lọ ya àtẹ̀gùn.

Ìjà wà nínú àpẹẹrẹ kejì. Orson Welles ṣe Touch of Evil fún ilé-iṣẹ́ Universal, a sì gbé e jáde ní 1958. Ìlú Venice ní California ni wọ́n ti ya ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi ṣe ìlú ẹnubodè Mẹ́síkò. Ọwọ́ kan yí aago bọ́ǹbù, a fi bọ́ǹbù náà sínú búùtù ọkọ̀, ọkọ̀ sì gbéra. Kámẹ́rà tẹ̀ lé e láti òkè fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé láìgé àwòrán rárá, tọkọtaya tuntun kan sì ń rìn nítòsí ọkọ̀ náà láìfura. Ìrìn kámẹ́rà yìí ni àwọn ìwé máa ń yìn. Ṣùgbọ́n Universal ti gba fíìmù náà lọ́wọ́ Welles kí ó tó jáde. Wọ́n to orúkọ àwọn òṣèré sórí àwòrán yìí, wọ́n sì fi orin Henry Mancini bò ó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1957 ni Welles kọ ìwé olójú-ewé 58 sí wọn nípa àtúnṣe tí ó fẹ́. Ohun tí ó fẹ́ níbí ni kí orin inú ilé ọtí àti ti rédíò ọkọ̀ máa wọlé, kí ó sì máa jáde bí kámẹ́rà ti ń kọjá. Welles kú ní 1985. Ó di 1998 kí Walter Murch tó tún fíìmù náà gé gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ti wí.

Ẹni tí ó bá fi ẹ̀dà méjèèjì wéra yóò rí i pé ìrìn kámẹ́rà kò yí padà. Nínú ti 1958, ojú wa ń ka orúkọ. Nínú ti 1998, etí wa ń wá ọkọ̀ náà, nítorí pé orin rédíò rẹ̀ ni ó ń sọ fún wa pé bọ́ǹbù ti sún mọ́ tòsí. Àwọn kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa fẹ́ràn orin Mancini, orin náà sì dára. Ibi tí a fi í sí ni ẹjọ́ wà. Ti Psycho ní 1960 kò gba àlàyé púpọ̀: níbẹ̀, àkọlé Saul Bass àti ohun èlò olókùn Bernard Herrmann jẹ́ apá kan ẹ̀rù náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

A lè wí pé ilé-iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí. Christopher Nolan kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní University College London, nínú ẹgbẹ́ onífíìmù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ni ó sì ti fi iṣẹ́ yìí dánra wò. Ó ti jáde kí ó tó ṣe Following, tí a kọ́kọ́ fi hàn ní 1998, ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ṣe ṣe é. Nǹkan bí 6,000 dọ́là ni a gbọ́ pé ó ná an. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ya á, fún nǹkan bí ọdún kan, nítorí pé olúkúlùkù ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe láàrin ọ̀sẹ̀. Ilé àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí ni wọ́n lò, ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ni ó sì sábà máa ń jẹ́ iná wọn. Rọ́ọ̀lù fíìmù 16mm gbówó lórí, nítorí náà wọ́n fi eré náà dánra wò léraléra bí eré orí ìtàgé, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń ya ìran kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ tí ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ń tú àwọn nǹkan kéékèèké wò láti inú àpótí. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́kùnrin kan ń sọ fún àgbàlagbà kan bí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé àwọn tí òun kò mọ̀ rí kiri Lọ́ńdọ̀nù. A kò mọ ẹni tí ó ni ọwọ́, a kò mọ ẹni tí àgbàlagbà náà jẹ́, ohùn sì ni ó ń mú wa la àárín èrò òpópónà kọjá. Àwọn kan máa ń wí pé òṣì ni ó bí ọgbọ́n yìí. Ọ̀pọ̀ òṣì ni kò bí nǹkan kan. Ètò tí ó mọ iye tí ó wà lápò ni.

OCR ní òfin kan tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu: orin àti ohùn inú fíìmù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, tàbí kí ó jẹ́ èyí tí kò sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí rẹ̀. Òfin yìí ìbá ti lé wọn jáde láti lọ gba ohùn ẹsẹ̀ àti ti ìlẹ̀kùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àṣedánwò wà tí wọn yóò kọ́kọ́ ṣe: ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn, ó la yàrá kọjá, ó jókòó ní ọ̀kánkán ẹlòmíràn, wọ́n sì sọ gbólóhùn díẹ̀ sí ara wọn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀: kí ìṣesí tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú àwòrán kan máa bá a lọ nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, kí àwòrán ẹnì kìíní àti ti ẹnì kejì máa dá ara wọn lóhùn, kí kámẹ́rà má sì ré ìlà tí ó wà láàrin wọn kọjá. Ti ojú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí a ti ń ṣí ilẹ̀kùn kí a lè rí i. Kò sí ibi tí a ti bi í bí ilẹ̀kùn náà ti dún.