Ìdá Méjì Nínú Mẹ́ta: Ọmọ Rẹ́mọ àti Ipò Ààrẹ ní Ọdún 1979

Kò sí ọmọ Rẹ́mọ nínú àwọn tí a ti dìbò yàn sí ipò Ààrẹ Nàìjíríà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a bí ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909, ni ó súnmọ́ ọn jù. Nínú ìdìbò oṣù Kẹjọ 1979, Shehu Shagari ní ìbò 5,688,857. Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Ṣùgbọ́n òfin tún béèrè pé kí ẹni tí yóò wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ 19 ìgbà náà. Ìpínlẹ̀ 12 ni Shagari ti rí èyí. Kò rí i ní Kano. Ṣé 13 ni òfin ń wí ni, àbí 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta? (Bí ẹni pé ìpínlẹ̀ ṣe é gé bí iṣu!) Ní èrò tiwa, ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ èdè ni ẹjọ́ yìí ju ti ìṣirò lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá Shagari láre. Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó nìkan ni kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé ìjọba lé Shagari lọ́wọ́. Awólọ́wọ̀ tún díje ní 1983, kò wọlé. Ó kú ní 1987. Ọbásanjọ́ ni ìbò padà sọ di Ààrẹ ní 1999.