Iyọ̀, Òógùn àti Pajápajá ní Ojú Ọ̀nà Ìfọ̀ àti Ìbàfò

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀ tí a pè mí láti sọ, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí ó gbé mi dé ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ọkọ̀ dí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn pa, mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìbàfò, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Mówè nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Omi inú ọ̀rá ni mo ń rà mu. N kò jẹ nǹkan kan. N kò tíì dé Mówè tí pajápajá fi mú ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi. Ó le koko bí òkúta, mo sì jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà bí ọmọdé. Ìyá olọ́sàn kan ní, “Baba, ẹ na ẹsẹ̀ yín, ẹ má ká a o.” Ó di àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mú, ó tẹ̀ wọ́n wá sí ìhà ọ̀dọ̀ mi. Ó tú. Nígbà náà ni ó wá fi kún un pé iyọ̀ ni ó tán lára mi. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ó ní ìtàn, ìtàn náà sì sún mọ́ wa ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ.

Kí ọkọ̀ ojú irin tí ó gba Ìfọ̀ kọjá tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, orí ènìyàn àti ọkọ̀ ojú omi lórí odò Ògùn ni ẹrù fi ń ti Èkó wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Iyọ̀ wà lára ẹrù náà: èyí tí wọ́n sè ní etí òkun àti, nígbà tí ó yá, èyí tí àwọn Òyìnbó kó wá láti òkè òkun. Àwa òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa òwò yìí, nípa owó ibodè àti nípa ọ̀nà tí àwọn ìjòyè ń dí; a kò kọ tó nǹkan nípa ara ẹni tí ó rù ú. Aláàárù tí ó gbé iyọ̀ lérí ń sọ iyọ̀ tirẹ̀ nù bí ó ti ń rìn. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ agbára nínú ooru lè làágùn tó lítà kan ní wákàtí kan, lítà kan náà sì lè gbé iyọ̀ bíi gíráàmù méjì tàbí mẹ́ta jáde. Sódíọ̀mù tí ó wà nínú iyọ̀ yìí, pẹ̀lú pọtásíọ̀mù, ni iṣan fi ń jẹ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán an.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ àwọn awakùsà èédú ni ó kọ́kọ́ mú kí àwọn onímọ̀ gba èrò ìyá olọ́sàn wa. Ní 1923, K. Neville Moss kọ̀wé nípa àwọn awakùsà tí ń làágùn lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ń mu omi lásán, tí pajápajá sì ń dè wọ́n mọ́lẹ̀. J. S. Haldane náà ti èrò yìí lẹ́yìn: kì í ṣe omi ni ó tán lára wọn, iyọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni W. S. S. Ladell tẹ ìwádìí tirẹ̀ lórí pajápajá inú ooru jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 1949. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó sì jẹ́ olórí ibùdó ìwádìí nípa ara ènìyàn nínú ooru, ní Òṣòdì, láàárín ọdún 1950 sí 1959. Òṣòdì tiwa níbí! Ojú irin kan náà ni ó so ó mọ́ Ìfọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Gúúsù Áfíríkà yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn asáré ọ̀nà jíjìn wò, wọn kò sì rí i pé àìtó iyọ̀ tàbí omi ni ó ya àwọn tí pajápajá mú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò mú. Àárẹ̀ iṣan ni Martin Schwellnus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí. Ní 2010, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi iná mànàmáná mú iṣan ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn kan fà, wọ́n sì fún wọn ní omi kíkan oníyọ̀ mu. Iṣan náà tú kíákíá ju ti omi lásán lọ, kí iyọ̀ náà tó lè dé inú ẹ̀jẹ̀ rárá. Ọ̀fun, tàbí ẹnu, ni ó jọ pé ó ránṣẹ́ sí iṣan.

Ní tèmi, pajápajá méjì ni a ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Ti ẹni tí ó ń wa yanrìn tàbí tí ó ń ru bíríkì láti òwúrọ̀ di alẹ́, lójoojúmọ́, jọ ti awakùsà. Iyọ̀ lè jẹ́ tirẹ̀. Tèmi, ti akọ̀wé tí ó ti pẹ́ tí kò rìn, àárẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gíga kò fẹ́ iyọ̀ àfikún. Omi àmujù pàápàá ń pa ènìyàn: nínú asáré 488 tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní eré ìje Boston ti 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ni sódíọ̀mù ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, obìnrin kan sì kú nínú eré ọdún náà. Bí orí fífọ́, èébì àti ìdàrú ọkàn bá tẹ̀ lé ìrìn gígùn, ilé ìwòsàn ni ó kàn, kì í ṣe omi mìíràn.

Nítorí náà, ọwọ́ ìyá olọ́sàn tọ̀nà ju ẹnu rẹ̀ lọ, ó kéré tán ní ọjọ́ náà. Nínà iṣan ni ìtọ́jú tí gbogbo àwọn oníjà wọ̀nyí gbà. Mo béèrè iye tí n ó san. Owó ọsàn mẹ́rin tí mo jẹ níwájú rẹ̀ nìkan ni ó gbà.