Ìgbà Òtútù ní Sibang: Ìtàn Àwọn Ọmọ Wa ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń darí ohun tí a fẹ́ sọ lọ́dún yìí.

Nínú ìwé ọdọọdún bí irú èyí, ìròyìn ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àti èsì ìdánwò kì í wọ́n. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé púpọ̀ nínú wọn ló ń bọ́ sí àsìkò kan náà: láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òtútù máa ń mú ní ìlú yìí tí ilé-ìwé sì máa ń gba ìsinmi gígùn. Àwọn ọmọ kékeré á ṣeré, àwọn àgbà á ṣe ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n fún ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìndínlógún tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àsìkò yìí ju eré lọ. Ìtàn fi hàn pé àsìkò yìí gan-an ni a máa ń mọ̀ bóyá ọmọ yóò padà sí kíláàsì tàbí kò ní padà mọ́.

Òtútù tí kì í ṣe ọyẹ́

Nílé, bí a bá ní òtútù mú, ọyẹ́ ni a ń wí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ á ti aṣálẹ̀ Sahara wá láti oṣù kejìlá, ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun. Ní Libreville, nǹkan yí padà. Ní oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Kétu, òjò ti dáwọ́ dúró níhìn-ín. Ojú ọ̀run á ṣú dẹ̀dẹ̀, oòrùn á fi ara pamọ́, ṣùgbọ́n òjò kò ní rọ̀ ju ìrì wínníwínní lọ. Ìlú yìí wà ní àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, ṣùgbọ́n ìgbà rẹ̀ ń tẹ̀lé ti apá gúúsù. Omi òkun tó tutù ló máa ń gòkè wá sí etí òkun apá gúúsù láàárín àwọn oṣù wọ̀nyẹn. Ó ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù, kí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, kí òjò má sì rọ̀. Kò sí yìnyín níhìn-ín bíi ti Faransé tàbí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n a máa ń rí ìyá arúgbó tó ti oko òwúrọ̀ bọ̀ tó wọ súwẹ́tà.

Àwọn onílé wa, àwọn ará Gabon, mọ bí wọ́n ṣe ń lo àsìkò náà. Wọ́n á padà sí abúlé láti ṣán oko àti láti pẹja. Wọ́n á ṣe ìgbéyàwó, wọ́n á sì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ fún ẹni tó ti kú. Àwọn ọ̀dọ́ á gbá bọ́ọ̀lù àdúgbò sí àdúgbò. Àwọn ọmọ tiwa náà ń bá wọn gbá a. Àwọn mìíràn ń ran ìyá wọn lọ́wọ́ ní ọjà Mont-Bouët, àwọn mìíràn sì ń bá ẹbí lọ sílé, níbi tí wọ́n ti máa ń bá òjò pàdé lẹ́yìn tí wọ́n fi ọ̀gbẹlẹ̀ sílẹ̀ ní Gabon.

Àwa tí a wà ní Sibang ní ohun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí àdúgbò mìíràn kò ní: ọgbà igi Sibang, níbi tí a ti lè rí òkúmé, igi tó sọ orúkọ Gabon di mímọ̀ ní ọjà àgbáyé. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ ní àsìkò ìsinmi. Ibẹ̀ náà ni a ti lè kọ́ wọn pé àlejò kì í ṣe ohun tuntun ní Sibang. Ní nǹkan bí ọdún 1879, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Hermann Soyaux wá síhìn-ín láti dá oko kọfí sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Woermann ti Hamburg. Ilẹ̀ yìí ti ń gba àjèjì tó wá ṣiṣẹ́ kí àwọn bàbá wa tó dé.

Bí ilé-ìwé ṣe dé, àti òfin tó kàn wá

Ní ọdún 1842, àwọn ajíhìnrere Amẹ́ríkà tí John Leighton Wilson ṣáájú wọn dé Baraka ní etí odò Gabon, wọ́n sì dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Bàbá Bessieux ti ìjọ Kátólíìkì tẹ̀lé wọn dé Gabon ní 1844. Nígbà tí wọ́n dá Libreville sílẹ̀ ní 1849 fún àwọn ẹrú tí a ti tú sílẹ̀, ìwé kíkà ti wà ní etí odò náà. Nítorí náà, ìtàn ilé-ìwé tiwọn àti tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́.

Lẹ́yìn tí Gabon gba òmìnira ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 1960, ìjọba Léon Mba ṣe òfin kan tó yẹ kí gbogbo òbí nínú ẹgbẹ́ wa mọ̀. Òfin 16/66 ti ọdún 1966 ni. Ó sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ tó ń gbé ní Gabon, láti ọdún 6 sí ọdún 16, máa lọ sí ilé-ìwé, ìbáà jẹ́ ọmọ Gabon, ìbáà jẹ́ ọmọ àjèjì. Ẹ tún un kà: òfin kò yọ ọmọ àjèjì sílẹ̀. Ọmọ ọdún 16 kì í ṣe ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé kọ́lẹ́ẹ̀jì wà nínú ohun tí òfin ní kí a fún ọmọ wa.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ọmọ á wọ kíláàsì tí wọ́n ń pè ní sixième, á sì jáde ní troisième pẹ̀lú ìdánwò BEPC. Àwọn bàbá wa láti apá Nàìjíríà á rántí sukúù mọ́dàn, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1955, ọdún tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, fún ọmọ tó ti ṣe tán ní ilé-ìwé kékeré tí kò tíì wọ gírámà. Láti 1982, JSS ló wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Orúkọ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibi kan náà ni: afárá tó wà láàárín ilé-ìwé kékeré àti iṣẹ́ ọjọ́ iwájú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń já bọ́.

Àwọn ọdún tí afárá náà já

A kò lè kọ ìtàn yìí láìsọ ohun tó korò. Ní oṣù kìíní ọdún 1977, àwọn jagunjagun tí a fi owó háyà, tí Bob Denard ṣáájú wọn, gúnlẹ̀ sí Cotonou láti gba ìjọba lọ́wọ́ Kérékou. Wọn kò rí i ṣe, ìjọba Benin sì fi ẹ̀sùn kan Gabon pé ó lọ́wọ́ sí i. Ìjà náà tún gbóná ní ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Khartoum ní oṣù keje 1978. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ààrẹ Bongo lé àwọn ọmọ Benin kúrò ní Gabon. Àwọn tí wọ́n kó padà sí Cotonou fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000.

Ẹ wo oṣù tó ṣẹlẹ̀: oṣù keje, àárín ìgbà òtútù, àkókò èsì ìdánwò àti ìsinmi. Láti ayé Faransé ni àwọn ará Dahomey ti ń ṣe olùkọ́ àti akọ̀wé káàkiri ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Nígbà tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá lọ, ọmọ tirẹ̀ pàdánù àga rẹ̀ ní kíláàsì, ọmọ onílé náà sì pàdánù olùkọ́. Ìjà àwọn olórí ni, àwọn ọmọdé ló san gbèsè rẹ̀.

Àwọn ará Cameroon náà rí tiwọn ní 1981, lẹ́yìn wàhálà tó bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀lù. Ní oṣù kìíní 1995, nígbà tí ìjọba Gabon fi gbèdéke lé ìwé ìgbélùú, àjèjì tó lé ní 50,000 ló kúrò. Kí a sì má fi ìka kan tọ́ka sí Gabon nìkan. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kó ẹrù wọn. Ní 1983 àti 1985, Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Ghana àti àwọn mìíràn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún òbí ni pé ìwé ìbí, ìwé ìgbélùú àti ìwé èsì ilé-ìwé kò gbọ́dọ̀ sùn sí ibi tí a kò mọ̀. Ọmọ tó ní ìwé èsì lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ kíláàsì níbòmíràn. Èyí tí kò ní i, ó lè ní láti padà sẹ́yìn.

Àwọn ọmọ tí kò dé ilé-ìwé rárá

Nǹkan mìíràn tún wà tó dùn wá. Ní ọdún 2001, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Etireno kúrò ní Cotonou, ó kọrí sí Libreville. Gabon kò jẹ́ kó gúnlẹ̀, Cameroon náà kọ̀ ọ́, ó sì padà sí Cotonou. Ìròyìn àkọ́kọ́ sọ pé ọmọdé tó wà nínú rẹ̀ tó 250. Wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó dé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé wà níbẹ̀ lóòótọ́ tí wọ́n ń kó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé onílé. Gbogbo ayé ló gbọ́ orúkọ Libreville lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe fún rere.

Lẹ́yìn rẹ̀, Nàìjíríà dá NAPTIP sílẹ̀ ní 2003, Gabon sì ṣe òfin tó lòdì sí kíkó ọmọdé kiri ní 2004. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Àṣà wa gbà pé ọmọ ẹ̀gbọ́n lè gbé lọ́dọ̀ àbúrò, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí a gba ọmọ ọlọ́mọ pẹ̀lú ìlérí ilé-ìwé, kí a wá gbé igbá ọjà lé e lórí nígbà tí àwọn ọmọ tiwa ń gbé báàgì ìwé. Bí ìgbà òtútù bá dé tí gbogbo ọmọ wà nílé, a kì í tètè mọ ìyàtọ̀. Ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé ni àṣírí á tú.

Ìròyìn tí a ń fi ránṣẹ́ sílé

Ṣáájú àkókò yìí, lẹ́tà tí a fi rán arìnrìn-àjò ni ìròyìn ẹbí, tàbí kásẹ́ẹ̀tì tí a sọ̀rọ̀ sí tí gbogbo agboolé á pé jọ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni fóònù alágbèéká dé. Ní Nàìjíríà, 2001 ló gbòde. Lónìí, WhatsApp ti jẹ́ kí màmá àgbà rí ojú ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti rọrùn, ṣùgbọ́n a ṣì ń sọ “gbogbo wa wà dáadáa” láìsọ kíláàsì tí ọmọ wà. Ẹ jẹ́ kí ìròyìn wa ní àkàntì nínú. Ìwé èsì sáà kọ̀ọ̀kan, máàkì tó jẹ́ lórí 20, ohun tí olùkọ́ kọ sí i: ẹ ka á fún àwọn ará ilé. Bí ọmọ tí a gbà tọ́ bá wà lọ́dọ̀ yín, tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí òbí rẹ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ ìròyìn náà ní èdè Yorùbá. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé Yorùbá yóò ba Faransé wọn jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dáhùn ìyẹn. Láti 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ìwé kékeré, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìgbà òtútù gùn tó kí ọmọ kọ́ ìkíni, oríkì ilé rẹ̀ àti bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà.

Ẹ̀yin ará, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ìgbà òtútù tó ń bọ̀ tó parí, ẹ jẹ́ kí aládùúgbò kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ èkejì: ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yín tó wà láàárín ọdún 6 sí 16? Kíláàsì wo ni wọ́n ń wọ̀? Ìwé wọn dà? Ìbéèrè mẹ́ta ni, kò ná wa ní sẹ́fà kan. Bí ìdáhùn ọ̀kan nínú wọn bá le, ẹgbẹ́ wà fún un.

Kí Olódùmarè dá ẹ̀mí wa sí, kí àwọn ọmọ wa já gbogbo ìdánwò wọn, kí a sì padà sílé láyọ̀ pẹ̀lú ọmọ tó mọ̀wé tó sì mọ ilé. Àmín.