Adébáyọ̀ ti Lomé kí òkìkí rẹ̀ tó kàn

Bí a bá ń ka ìtàn àwọn Yorùbá tí ó tẹ̀dó sí ìlú Lomé, àwọn oníṣòwò ni a sábà máa ń mẹ́nu bà. Ó tó àkókò kí a fi agbábọ́ọ̀lù kan kún wọn. Ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1984 ni a bí Emmanuel Sheyi Adebayor ní Lomé. Yorùbá láti Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́tà «r» ni ó parí orúkọ náà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ èdè wa mọ̀ pé Adébáyọ̀ ni: adé tí ó bá ayọ̀ nílé.

Ní ọdún 1999, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ FC Metz ti ilẹ̀ Faransé rí i níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ kan ní Swídìn. Ọmọ ọdún 15 ni. Wọ́n mú un wọ ilé ìkọ́ni wọn, ó sì tó ọdún méjì kí ó tó bá àwọn àgbà gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2002, Metz já bọ́ sí ìpele kejì. Àdánù ńlá ni fún ẹgbẹ́, àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti rí àyè. Góòlù 13 ni ó jẹ ní sáà 2002–2003, Metz sì padà sí ìpele kìíní.

Monaco rà á ní ọdún 2003. Didier Deschamps ni olùkọ́ wọn nígbà náà. Morientes, Prso àti Nonda wà níwájú rẹ̀, nítorí náà, ó di dandan kí ó mọ sùúrù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2004, Monaco dé àṣekágbá ìdíje àwọn aṣíwájú Yúróòpù, Porto sì nà wọ́n ní 3 sí 0.

Ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ti wá fi gbogbo ohun tí ó kọ́ hàn. Lábẹ́ Stephen Keshi, ó jẹ góòlù 11 nínú ìdíje ìpegedé fún Ife Àgbáyé 2006. Kò sí ọmọ Áfíríkà mìíràn tí ó jẹ tó bẹ́ẹ̀. Tógò fi Sẹ̀nẹ̀gà sẹ́yìn, ó sì ṣẹ́gun Kóńgò ní Brazzaville ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 2005. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Tógò máa lọ sí Ife Àgbáyé. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, Arsenal rà á.

Àwa olùkọ́ ń rí àwọn ọmọ tí ó ń fi kíláàsì sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan tí wọn kò mọ̀ rí ṣèlérí Yúróòpù fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìtàn yìí dáadáa. Ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ó mú Adébáyọ̀ lọ. Ó kọ́ iṣẹ́, ó dúró, ó sì gbá bọ́ọ̀lù ní ìpele kejì láìtijú. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ó wà láàárín Swídìn àti Brazzaville. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.